Fèrè Aago Méje

Kò sẹ́ni tó ń sùn níbẹ̀ nígbà náà.
Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọn a ti géètì,
bọ́ọ̀sì a kó àwọn òṣìṣẹ́ padà sí Òkè-Àdó, sí Òjé,
ó di irin, ó di ọdẹ, ó di òkùnkùn.

Fèrè ló ń bá wa ṣọ́ àkókò.
Tó bá dún ní méje àárọ̀,
ìyá mi á gbé ẹ̀kọ kaná,
ẹni tí kò ní aago lọ́wọ́ á na etí,
á ní, "Ó ti dún."

Ìdí ẹ̀rọ kọkànlá ni bàbá mi, Tìámíyù, dúró sí
fún ọdún mọ́kàndínlógún.
Owú wà nírun rẹ̀, owú wà ní ìpéǹpéjú,
tó bá wúkọ́ lóru, àwa ọmọ á ní
ẹ̀rọ ló tẹ̀lé e wálé.

Àwọ̀ odò Ọ̀nà la fi ń mọ ọjọ́:
tó bá pọ́n, ọjọ́ Ajé ni,
tó bá dúdú bí aró, Ìṣẹ́gun ti dé.
Ewúrẹ́ gan-an mọ̀ ọ́n, kì í mu ún.

Lẹ́yìn náà ni dísẹ́ẹ̀lì wọ́n ju owú lọ.
Fèrè dákẹ́ láìdágbére.
Kò sówó ìfẹ̀yìntì; ìgàn aṣọ mẹ́ta ni wọ́n gbé fún un,
funfun báláú.
Ó ta ọ̀kan, a fi jẹun.
Ó fi ọ̀kan rán aṣọ iléèwé wa.
Ó ká ẹ̀kẹta sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní,
"Ẹ má ra kàfáánì. Mo ti hun tèmi."

A kò rà.

Koríko wọlé, ó jókòó sípò ọ̀gá.
Ìjọ kan ló kọ́kọ́ háyà ilé ìkẹ́rù kẹfà,
wọ́n ń ṣọ́ òru níbi tí ìdì owú ń sùn sí tẹ́lẹ̀.
Jẹ́lé-ó-sinmi tẹ̀lé ìjọ, báńkì onígíláàsì tẹ̀lé e,
lẹ́yìn náà katakátá dé, ògiri wó,
ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ń hù bí olú lẹ́yìn òjò.

Àrínọlá, nọ́ọ̀sì, ló kọ́kọ́ kó dé.
Lálẹ́ ọjọ́ kìíní, ó gbé epo kaná, ó ń dín dòdò.
Ọdẹ rí èéfín lójú fèrèsé,
ó sáré gun àtẹ̀gùn tòun ti garawa iyanrìn:
"Iná! Iná o!"
Ogún ọdún ló ti ń ṣọ́ ibẹ̀,
kò rí èéfín tó ń ta sánsán rí.
Ibi gbogbo là á dáná alẹ́, àbí?
Ó jẹ ègé mẹ́rin, ó ru iyanrìn rẹ̀ sọ̀kalẹ̀.

Èmi náà kó dé. Yàrá méjì, òkè kejì,
mò ń san án díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń bu omi fún adìyẹ.
Mo bi ẹnjiníà tó ní máàpù àtijọ́ lọ́wọ́:
"Níbo ni ẹ̀rọ kọkànlá wà?"
Ó fi ìka tọ́ ọ: abẹ́ ilé ìdáná mi,
lápá ibi tí mo ti ń fọ abọ́.
Nígbà mìíràn mo máa ń sún díẹ̀ sápá òsì
kí n má baà dí i lọ́wọ́.

Ilé-iṣẹ́ bísíkíìtì nìkan ló ṣẹ́ kù, lẹ́yìn ọgbà.
Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ọ̀gbẹ́ni Dúróṣinmí gbé lẹ́tà wá sípàdé:
ariwo ẹ̀rọ pọ̀, èéfín ń ba aṣọ tá a sá jẹ́,
kí wọ́n kó o lọ sẹ́yìn ìlú.
Gbogbo wọn ló ti fọwọ́ sí i.
Àtọ̀húnrìnwá tó bá onílé nílé
ló ń ní kí onílé ó rọra mí.
Mi ò sọ ọ́ síta. Mo ní kí n mú un délé kí n kà á.

Lówùúrọ̀ yìí, atẹ́gùn gbé ṣúgà àti bọ́tà wọlé.
Àwọn ọmọbìnrin onífìlà aláwọ̀ ewé ń kọjá nísàlẹ̀,
Sínótù wà láàárín wọn, tó háyà yàrá lẹ́yìn báńkì;
sílípáàsì ló fi ń rìn lọ síbi iṣẹ́, kò wọ bọ́ọ̀sì.
Fèrè wọn kéré, ohùn rẹ̀ há bíi tẹni tí òtútù mú.
Ọmọ mi lajú lórí bẹ́ẹ̀dì:
"Màámi, ó ti dún."

Lẹ́tà wà lórí tábìlì. Bírò wà lórí lẹ́tà.
Mo gbé ẹ̀kọ kaná.