Ohùn Ọwọ́ Ọ̀tún

Sípíkà Orrin Haugsrud ga bí ilẹ̀kùn,
méjì ni wọ́n, wọ́n fẹ́lẹ́ bí ẹní tí a fi ti ògiri.
Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí wọn á yí wọn po, á ní:
"Àpótí wọn dà? Ibo ni ohùn ń gbà jáde?"

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń ta ẹ̀rọ amóhùngbilẹ̀
ní Duluth, létí adágún tó ń ṣe bí òkun.
Mo mọ ìgbà tí fóònù yóò dún:
"Lorna, ó tún ti kú."
Fíúsì ló jó, orin kẹta kò tíì parí.
Ẹ̀rọ kékeré tó rà nígbà tó ṣì ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe
nínú ọkọ̀ tó ń kó òkúta irin
ló so mọ́ àwọn òmìrán wọ̀nyẹn.
Ó fẹ́ fi ewúrẹ́ fa kẹ̀kẹ́ ẹrù.

Mo ní: Ẹ má bèèrè iye wáàtì lọ́wọ́ mi.
Wáàtì kò ju orúkọ àlàjẹ́ lọ.
Ẹ bèèrè ohun tí ẹ̀rọ máa ṣe
nígbà tí óòmù bá já wálẹ̀ dé mẹ́ta,
bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ á dúró, àbí orúnkún á máa gbọ̀n.
Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú pátákó yẹn, iná ló ń mu,
kì í sì í fi ṣíbí mu ún.

Reino ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rọ onígílóòbù kan fún un,
ogójì wáàtì péré,
gílóòbù mẹ́jọ tó ń pọ́n bí ẹyin iná.
Òótọ́ ọ̀rọ̀, ó dùn. Ó dùn débi pé
èmi tí mo wá wá àléébù rẹ̀ gbàgbé kọfí mi títí ó fi tutù.
Ṣùgbọ́n kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀.
Dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ń dún bíi fèrè ọmọdé.

Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló fi ń dán gbogbo wọn wò:
ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Luther, ọdún 1983,
Ardis ìyàwó rẹ̀ wà láàárín wọn.
Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti lọ.
Ní ẹsẹ kejì, ohùn obìnrin kan á gòkè wẹ́rẹ́,
Orrin á gbé ọwọ́ sókè: "Òun nìyẹn."

Lọ́jọ́ Ẹtì, èmi àti ọmọ àbúrò mi gbé ẹranko ńlá lọ,
ẹ̀rọ tàràǹsísítọ̀, ó wúwo ju àpò sìmẹ́ńtì lọ,
irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú bí eyín ayùn.
Yìnyín wà lórí àtẹ̀gùn. A sinmi lẹ́ẹ̀mẹta.
A so wáyà. A fa sípíkà kúrò lára ògiri, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin,
nítorí ẹ̀yìn wọn náà ń kọrin.

Dùùrù wọlé láti abẹ́ ilẹ̀. Ife mì lórí tábìlì.
Àwọn akọrin tú ká, kálukú dúró sí àyè rẹ̀,
mo lè ka orí wọn.
Ẹsẹ kejì dé. Ohùn yẹn gòkè,
apá òsì ló dúró sí, lẹ́bàá ilẹ̀kùn.
Orrin kò gbé ọwọ́ sókè.
Ó ní, "Ọ̀tún ni Ardis máa ń dúró sí,
ojú fèrèsé. Ó ní afẹ́fẹ́ ẹnu ọ̀nà ń ba ọ̀fun òun jẹ́."
Ó dákẹ́.
"Dagny Brekke nìyẹn."

Ọdún mẹ́sàn-án tó ti ń sunkún lé ohùn olóhùn.

Mo fẹ́ sọ pé ẹ̀rọ a máa purọ́.
Mo fẹ́ gbé e padà sínú ọkọ̀ mi,
kí ti Reino máa po gbogbo wọn pọ̀ bí oyin.
Ó dá kásẹ́ẹ̀tì padà.
Ó ti sípíkà ọ̀tún síwájú, bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan.
Ó tún dá a padà.
Ní ìgbà kẹrin, lábẹ́ gbogbo ayọ̀ aláriwo yẹn,
ohùn kan wà, ó rẹlẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí,
ó tilẹ̀ yẹ̀ díẹ̀ níbi tí orin ti gùn jù.
Ó ń mí níbi tí àwọn yòókù kò ti mí.

Orrin bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.
Ó ní, "Èló ni?"
Iye tí mo rà á ni mo pè.

Ẹ̀rọ Reino ṣì wà ní kíṣìnì, ó ń fi í gbọ́ ìròyìn ojú ọjọ́.
Owó iná oṣù kẹta ga, ó pè mí kó lè bú mi.
Ó ní ológbò òun kò sùn lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́,
orí irin gbígbóná yẹn ló ń sùn.