Ìlà Mẹ́wàá fún Èjìká Ọ̀tún

Ìwé ìhunṣọ tí Màsẹ́ẹ̀rì Odíìlì fi sílẹ̀ fún mi
ní àwòrán ọkùnrin kan lára èèpo rẹ̀,
ó dúró ṣánṣán, ó ń rẹ́rìn-ín sí yìnyín,
èjìká rẹ̀ méjèèjì dọ́gba bí àtẹ́rígbà.
Kékeré, àárín, ńlá:
ara mẹ́ta péré ni ìwé náà mọ̀ láyé.

Sàbí, àbúrò ìyá mi, kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ru àpò
ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin Sábẹ̀ẹ́,
àpò òwú, àpò èlùbọ́, àpò ṣúgà,
gbogbo rẹ̀ lórí èjìká òsì,
títí èjìká náà fi wálẹ̀ ní ìka méjì
bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ohun tí ilẹ̀ ń sọ.

Ẹ̀wù òtútù àkọ́kọ́ tí mo fi ìwé yẹn hun fún un
fún un lápá ọ̀tún,
ó wá wú lápá òsì bí àpò òfìfo.
Ó wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan. Kò sọ nǹkan kan.
Nígbà tí ọyẹ́ tún dé,
mo bá a ní ìdájí, aṣọ ìbora ló ró mọ́ra,
ẹ̀wù mi wà lórí ìṣó.

Mo tú u.
Òwú tí a tú kì í tètè gbàgbé,
ó ká kò lọ́wọ́ mi bí irun ọmọ tuntun.
Mo fi omi gbígbóná bẹ̀ ẹ́
títí ó fi na ara rẹ̀.

Mo pe Sàbí sí abẹ́ igi kajú.
"Ẹ dúró bí ẹ ṣe máa ń dúró."
Ó na ara tàntàn, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya ní fọ́tò.
Mo ní kó sọ ìtàn alẹ́ tí ọkọ̀ ojú irin kú sínú òjò.
Kí ó tó dé ibi tí awakọ̀ ti ń sunkún,
èjìká rẹ̀ ti padà sílé.
Ìgbà náà ni mo sún okùn mọ́ ọn:
kókó kan fún àyà, kókó kan fún ọrùn ọwọ́,
okùn ọ̀tọ̀ fún èjìká kọ̀ọ̀kan,
n kò bi ọ̀tún léèrè ọ̀rọ̀ òsì.

Mo hun abala kékeré kan, mo fọ̀ ọ́,
mo sá a sórí òkúta, kí n tó kà á:
ojú méjìlélógún ní àtẹ́lẹwọ́ kan.
Àyà Sàbí, àtẹ́lẹwọ́ mẹ́sàn-án.
Igba ojú, ó dín méjì.
Àwọn tá a jọ kọ́ṣẹ́ máa ń sá fún abíyá, níbi tí a ti ń dín ojú kù.
Kí ló wà níbẹ̀?
Ọmọ tó ti ń pe mẹ́rìndínlógún láti kékeré
ti ń yọ mẹ́rin nínú ogún kó tó di abẹ́rẹ́ mú.

Ìwé ìṣirò ọmọ mi ni mo ya gbogbo rẹ̀ sí,
ilé kékeré kan fún ojú kan.
Nígbà tí mo dé èjìká, mo hun dé ìdajì,
mo yí padà,
mo fi òsì sílẹ̀ lórí abẹ́rẹ́ kó máa wò wá.
Ìgbà márùn-ún ni mo lọ tí mo bọ̀.
Ọmọ mi fi bírò pupa yí i ká:
"Màmá, apá kan ga jù."
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Lọ wo Bàbá Sàbí.

Òwúrọ̀ tó wọ̀ ọ́, ọyẹ́ ti gbé àwọn òkè mì,
orí wọn nìkan ló kù.
Ó fọwọ́ wá ibi tó máa ń fún un, kò rí i.
Ó wo ìsàlẹ̀, ó wo ẹ̀gbẹ́.
"Ó dáa," ó ní. "Àpò rẹ̀ dà?"
Mo tún ṣí ìwé ìṣirò.
Apá wo lẹ fẹ́ ẹ sí?
Ó rò ó díẹ̀.
Òsì, ó ní. Ó ti mọ́ ọn lára.