Orúkọ Tí A Fi Omi Kọ

Ẹ jókòó, ẹ má dúró sẹ́nu ọ̀nà bí agbowó-orí.
Ìjọmú yìí ni mo ti gbéra, ibẹ̀ náà ni mo padà sí.
Ẹsẹ̀ mi ṣì wú. Bàtà mi wà lábẹ́ àga,
eruku Ṣáínà ń bẹ ní gìgísẹ̀ rẹ̀.
Ẹ má tíì nù ún.

Àwa mẹ́ta la lọ: èmi, Arómoláràn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀,
àti Fadékẹ́mi ọmọ àbúrò mi, tó ń gbọ́ èdè wọn
bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.
Ọjà ni Arómoláràn bá lọ. Èmi, olùkọ́ ni mí;
ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ya odi ìlú náà sójú pátákó
láìmọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí.

Kò rí bẹ́ẹ̀.
Tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo máa ń yà á. Odi yìí fẹ̀ débi pé
ọkọ̀ mẹ́ta lè sáré lórí rẹ̀ kí wọ́n má forí gbárí.
Arómoláràn ń ka ìṣísẹ̀. Nígbà tó di ẹgbẹ̀rún méjì,
bàtà rẹ̀ là bí ẹnu ẹja.
Ó bú ọba tó mọ odi. Ó bú mi.
Ó háyà kẹ̀kẹ́, kò sì mọ̀ ọ́n gùn.

A rí àwọn ọmọ ogun alámọ̀ nínú kòtò,
wọ́n tò lọ bí ẹ̀gẹ́ orí ebè,
ojú ọ̀kan kò jọ ti èkejì.
Ọ̀kọ̀ ti jẹrà lọ́wọ́ wọn;
ọ̀pá fóònù àwa èrò ìwòran ló ń nà sókè.
Mo wá ẹni tó jọ bàbá mi. Mo rí i ní ìlà kẹrin,
etí rẹ̀ kan ti kán. Mo ní, "Ẹ kú ìdúró o."
Ẹni tó wà lẹ́yìn mi ní kí n sún síwájú.

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Èyí tí mo fẹ́ sọ gan-an kò tíì dé.

Lábẹ́ odi, láàárọ̀ ọjọ́ tá a máa kúrò,
bàbá arúgbó kan ń fi búrọ́ọ̀ṣì gígùn kọ̀wé sílẹ̀.
Kì í ṣe yíǹkì. Omi ni, nínú ike epo.
Kó tó parí ìlà kejì, oòrùn ti lá ìlà kìn-ín-ní.
Mo rò pé yóò bínú. Kò bínú.
Ó béèrè ibi tí mo ti wá. Mo ní, Àkúrẹ́.
Ó ní, "À-kú-lẹ́."
Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì lé mi lọ́wọ́.

Ọwọ́ mi gbọ̀n. Mo kọ ọ́, mo sì fi àmì sí i,
bí mo ti máa ń bá àwọn ọmọ jà sí.
Ó kọ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́; n kò lè kà á,
ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìlú mi ni.
Fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń bó ọsàn kan,
Àkúrẹ́ Olóyèmẹ́kùn wà lórí òkúta wọn,
ó ń dán.
Àmì ló kọ́kọ́ lọ, bí ìṣe rẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn.
Lẹ́yìn náà, ìyókù.

Láti ìgbà tí mo dé, mo ti lọ sí ààfin àtijọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
Ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mo fi ń gba iwájú rẹ̀ lọ ra ata,
n kò yà.
Ọ̀dọ́mọkùnrin ẹnu ọ̀nà ní, "Màmá, ṣé àlejò ni yín?"
Mo ní, bẹ́ẹ̀ ni.
Ó mú mi yí àgbàlá ká. Mo fọwọ́ kan ògiri amọ̀, ó tutù.
Mo béèrè orúkọ àwọn tó pò ó, àwọn tó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.
Ó wo ilẹ̀.

Ẹ wo sìmẹ́ńtì iwájú ilé mi, bó ṣe tutù.
Òjò kò rọ̀. Àkísà ni mo dì mọ́ ọ̀pá ìgbálẹ̀.
Orúkọ yín ni mo ń kọ láràárọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan,
pẹ̀lú àmì.
Ẹ máa tètè jí.