Odidi Tó Di Àbọ̀

Ní Ìdí-Àràbà, láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun,
Ọ̀gbẹ́ni Adéṣígbìn gbé ìkòkò òjé kékeré kan wá.
Ó wúwo ju bó ṣe tóbi lọ.
Hóró oògùn kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀,
kò ju hóró ẹ̀wà lọ.
"Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ dà á sẹ́nu, kẹ́ ẹ gbé e mì."
Ó sọ bẹ́ẹ̀ tán, ó fẹ̀yìn rìn títí dé ẹnu ọ̀nà.

Ayodíìnì ni. Irú èyí tí wọ́n ń pò mọ́ iyọ̀
kí gẹ̀gẹ̀ má baà mú ọmọ ènìyàn.
Ṣùgbọ́n èyí ò lè jókòó jẹ́ẹ́,
ó ń fọ́ nínú ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀,
bó sì ṣe ń fọ́, bẹ́ẹ̀ ló ń ta iná.

Labalábá kan wà nísàlẹ̀ ọ̀fun mi.
Dókítà ló yà á fún mi sẹ́yìn káàdì:
apá ọ̀tún, apá òsì.
Láti èṣí ni kò ti sùn.
Ó ń mú ọkàn mi sáré bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa ní Ṣómólú
nígbà tí ìdìbò bá kù sí dẹ̀dẹ̀.
Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ìwé tí mo bá ṣẹ́po kì í gún mọ́.
Ọ̀kánjúwà sì ni:
ayodíìnì ni oúnjẹ rẹ̀,
kò mọ èyí tó ń bọ́ni yàtọ̀ sí èyí tó ń jóni.
Ibi tó ti ń jẹun náà ni wọ́n dẹ páńpẹ́ sí.

Wọ́n ní kí n máa dá sùn.
Kí n má gbé ọmọ.
Kí n da omi sílé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì,
nítorí ohun tó bá tara mi jáde
ọ̀sà ló ń forí lé,
ẹja inú ọ̀sà ò sì ní gẹ̀gẹ̀.

Ìbíyẹmí jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ọmọ ọdún mẹ́ta.
"Màámi, ṣé iná wà lára yín ni?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
"Kí ló wá dé tí yàrá yín fi ṣókùnkùn?"

Wọ́n ti mú iná lọ látàná.
Bàbá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín níta. Ó ní lókè òkun,
ọmọ ìyá iná ọ̀fun mi ni wọ́n fi ń se omi,
omi á yí ẹ̀rọ, ìlú á mọ́lẹ̀ rokoṣo.
Ó ní bí wọ́n bá so mí mọ́ wáyà,
Bájùláyé á fi oṣù kan gbàgbé jẹnẹrétọ̀.
Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó lọ tán ni mo rántí apá kejì ìtàn,
èyí tí kò sọ:
bí irú iná bẹ́ẹ̀ bá já mọ́ni lọ́wọ́,
ilẹ̀ ibẹ̀ á di èèwọ̀ fún ọmọ-ọmọ ẹni.

Ọjọ́ mẹ́jọ, ni dókítà wí, á dín sí ìdajì.
Ìyá mi ìbá ka òní mọ́ ọn, ìbá pè é ní mẹ́sàn-án,
ìyá mi tó gbé gẹ̀gẹ̀ tirẹ̀ wọ sàréè,
tó ń fi ìborùn wé ọrùn lọ́sàn-án gangan.
Ọjọ́ mẹ́jọ mìíràn, ìdajì ìdajì.
Mẹ́jọ mìíràn.
Mo bi í pé ọjọ́ wo ló máa tán?
Ó ní, "Ká má parọ́, ó kàn ń kéré débi tá ò ní kà á mọ́ ni."
Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ohùn ìyá mi ṣe lọ kúrò létí mi.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fọ́mọlúàbí,
tó bá dénú rẹ̀, a di odidi.
Odidi ni wọ́n fún èmi,
inú mi ló ti ń di àbọ̀.

Ohun kan ń ha ilẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn.
Mo tan tọ́ọ̀ṣì:
bisikíìtì ni. Ó ti jẹ ìdajì rẹ̀.