Ení, Èjì

Ní Winnipeg, oṣù Èrèlé, òtútù ń gé ni létí bí abẹ.
Marivic gbé ọkọ̀ rẹ̀ dé kí ilẹ̀ tó mọ́.
Nọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ òru ló ti ń bọ̀,
ojú rẹ̀ pọ́n, ohùn rẹ̀ kò ju fọ́nrán òwú lọ.
"Bí mo bá fi sí D," ló wí, "ó máa ń kọ́kọ́ ronú ná."

Orest rẹ́rìn-ín. "Jẹ́ ká gbọ́ ohun tó ń rò."
Láti ìgbà tí ewé ti wọ́, tí wọ́n gbé e ti ọsibítù bọ̀,
èmi ni mo ń wakọ̀; òun ń gbọ́ ni.

Mo fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, mo nù ún, mo tì í padà,
mo tún fà á yọ, mo gbé e súnmọ́ imú.
Kì í ṣe pupa osùn mọ́. Ó ti dúdú,
ó ń rùn bí búrẹ́dì tí wọ́n gbàgbé sórí iná.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹsẹ̀ lórí bíréèkì, ọwọ́ lórí jíà.
Láti P sí R: ení. Ọkọ̀ mì díẹ̀, ó gbà.
Láti R sí N: ó tú u sílẹ̀.
Láti N sí D: ení.
Èjì.
Kó tó ta gìrì bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.

Pijó bàbá mi ní Iléṣà kò mọ irú sùúrù yìí.
Bí o bá fa jíà rẹ̀ ṣì, irin á pariwo mọ́ ọ,
gbogbo àdúgbò á mọ̀ pé ọwọ́ rẹ kò tíì gbọ́n.
Eléyìí ń yí ara rẹ̀ padà nínú òkùnkùn;
bó ṣì í, kò ní bú ẹnikẹ́ni.
Yóò máa jó àjórẹ̀yìn jẹ́jẹ́
títí ọjọ́ tí yóò fi kú sójú títì.

"Tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Tẹ tọ́tù pátápátá. Wo ọwọ́ aago."
Mo tẹ méjèèjì.
Ọkọ̀ ń gbọ̀n bí ajá tí wọ́n so mọ́lẹ̀ tó rí ẹran.
Ẹgbàá. Ẹgbẹ̀tàlá. Ẹgbẹ̀ẹ́dógún,
ó ti kọjá ibi tó yẹ kó dúró.
"Ó tó! O fẹ́ sun ún jóná ni?"

A gbé e jáde sí McPhillips, lórí yìnyín tí wọ́n da iyanrìn sí.
Láti jíà kejì sí ìkẹta, ẹ́ńjìnnì ké tòò,
ariwo ń lọ, ìrìn kò lọ.
Orest pa rédíò, ó dijú:
àwọn àwo tín-ín-rín ń yọ̀ lára wọn nísàlẹ̀,
bí ọwọ́ ọmọ tí kò fẹ́ kí wọ́n mú òun kọjá títì.

"Ṣé yóò gbé mi dé oṣù kẹta?" ni Marivic bi wá.
"Ìgbà náà ni wọn ó dá owó orí mi padà."
Ó wù mí kí n ní bẹ́ẹ̀ ni,
ṣùgbọ́n ìwé tí mo kọ ń bẹ lọ́wọ́ mi.
Orest ní: "Má gba òpópó ńlá. Má fi fa ẹrù.
Bó bá ń ronú, dúró dè é."
Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó lọ tán, mo na ife tíì sí Orest.
Ó wo ife náà.
Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí tábìlì, kò mira.
Ení.
Èjì.
Kó tó gbéra.

Èyí, n kò kọ ọ́ sílẹ̀.