Ẹ̀kọ́ Ìdúró

Sájẹ́ǹtì Fátùnṣe kì í kígbe.
Eyín iwájú rẹ̀ kan kán sí ogun tí kò fẹ́ dárúkọ,
ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń gbà jáde bí atẹ́gùn inú ihò àpáta.
"Ewúrẹ́ náà mọ ìlọ," ó ní.
"Ìdúró ni kí ẹ fi hàn mí."

Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án nìyí lẹ́yìn Ẹ̀fọ̀n
tí a ti ń fi irin tó wúwo ju ogójì màlúù lọ gun òkè.
Òkè ò mọ ọ̀gá, kò mọ kúrúùtù.
Lọ́jọ́ Túsìdeè ó gba ẹsẹ̀ ẹ̀wọ̀n lọ́wọ́ Kọ́púrà Tẹ́rúńgwà,
ó já a bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí,
gbogbo wa wà lábẹ́ òjò títí ilẹ̀ fi mọ́, à ń ṣa irin.

Èmi ni awakọ̀.
Fèrèsé mi ò ju páálí ìṣáná méjì lọ,
inú ihò yẹn ni ayé mi wà:
koríko, ọ̀run, koríko.
Ooru ń bọ̀ mí bí iṣu,
òórùn dísù ti wọ oúnjẹ mi, ó ti wọ àlá mi.
Lókè orí mi, Lùténáǹtì Ọ̀ṣúnlúsì yọ orí síta,
ọmọbìnrin Ìjerò, ọdún mẹ́tàlélógún,
ohùn rẹ̀ nínú rédíò:
"Ọ̀tún díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí, Fágbùyì."

Ìdánwò tòní: ogójì ìṣẹ́jú, láti etí odò dé góńgó.
Sájẹ́ǹtì jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú aago àti pẹ́ńsù.
Ìṣẹ́jú kejìlélógún, àpáta pẹrẹsẹ ló kàn.
"Dúró!"
Ẹsẹ̀ mi ti wà lórí bíréèkì kí n tó mọ̀ pé mo gbọ́.
Irin ké, ó forí balẹ̀, ó dákẹ́.

Funfun kún ihò mi. Mo ní yìnyín ni.
Láfún ni, wọ́n sá a kúnlẹ̀ bẹẹrẹ,
ìyá arúgbó kan sì na ọ̀pá sí wa
bí ẹni ń lé ewúrẹ́ tó tóbi jù.

Ọ̀tún gegele, òsì ọ̀gbun.
Sájẹ́ǹtì ò sọ nǹkan kan. Ó ń wo aago.
Lùténáǹtì ṣí akẹtẹ̀ irin, ó fò sílẹ̀.
Àwa náà tẹ̀ lé e, aṣọ wa dúdú fún gíríìsì,
a kúnlẹ̀ lórí àpáta, à ń kó láfún sínú apẹ̀rẹ̀.
"Ẹ nu ọwọ́ yín! Ta ni yóò jẹ dísù?"
Tẹ́rúńgwà, tí kò gbọ́ èdè wa, ló kọ́kọ́ nu tirẹ̀.

Ó wò mí tìtì. "Ọmọ yèsí ni ọ́?"
Mo dárúkọ bàbá mi.
Ó ní ó jẹ òun ní gbèsè ẹbu iṣu
láti ọdún tí mo wà nínú oyún.

Ìṣẹ́jú mọ́kàndínlọ́gọ́ta la tó dé góńgó.
Sájẹ́ǹtì kọ "ìkùnà" síwájú orúkọ wa,
ó fa ilà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.
Ó wá ṣí ojú ìwé mìíràn,
ó kọ nǹkan tí kò jẹ́ ká rí,
ó sì ń fi ihò eyín yẹn súfèé
bá a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀.