Níbi Tí Ó Ti Ń Jò

Fọkanáísà ni mí, ní Gàréèjì Ọ̀fà,
níbi tí ọkọ̀ Àjàṣẹ́ ti ń kérò.
Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ mi ti dàgbà, ó ń wúkọ́ kó tó ṣiṣẹ́.
Àwo omi mi dúdú, etí rẹ̀ ti ya,
ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni mo ti ń rí òótọ́.
Tiúbù tó bá ń jò kò lè bò ó fún mi:
màá fẹ́ ẹ, màá rì í, màá máa yí i díẹ̀díẹ̀,
ibi tó bá ti hó, ibẹ̀ ni.
Ìbáà ṣe ìṣó, ìbáà ṣe àfọ́kù ìgò,
omi á sọ.

Ọkùnrin ni mi ò mọ omi tí wọ́n ń rì í sí.

Bàbá Káfáyà ń gbé ní Gàá Àkàńbí.
Oṣù kẹsàn-án rèé tí ilé iṣẹ́ wọn ti ti géètì,
wọ́n ní kí wọ́n máa retí lẹ́tà.
Ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀.
Bí aago méje bá ti lù, á ti dé:
ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ tó dúró ṣánṣán,
báàgì awọ lábẹ́ abíyá
(ìwé ìròyìn èṣí ló wà nínú ẹ̀, àti ìlàjì búrẹ́dì).
Á jókòó sórí táyà tírélà tí mi ò tíì rí ẹni rà.
"Ẹ kú iṣẹ́ o," ló máa ń sọ.
"Ẹ kú iṣẹ́," lèmi náà fi ń dá a lóhùn,
àwa méjèèjì ò sì ní wo ojú ara wa.
Tó bá di aago márùn-ún, á gbọn eruku ṣòkòtò, á gbalé lọ.
Wọ́n á kí i nílé pé ó kú àárẹ̀.
Àárẹ̀ náà, òótọ́ ni.

Wọ́n ní Ìlọrin, ẹnu dùn ju iyọ̀.
Ẹ wá wo ìsọ̀ mi tó bá di ọ̀sán:
awakọ̀, kọ̀ndọ́, ọlọ́kadà, gbogbo wa ọkùnrin,
a ó sọ bọ́ọ̀lù títí itọ́ á fi hó lẹ́nu,
a ó sọ iye tí wọ́n ń ta epo.
Kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ pé,
"Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí mi ò ti sùn."

Èmi náà ńkọ́?
Ọmọọṣẹ́ mi, Sèfíù, ọmọ Ṣàárè, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá.
Lọ́jọ́ fídáù bàbá rẹ̀ ni àwọn àgbà gbá a léjìká mú:
"Ìwọ ni baba wọn báyìí."
Àbúrò mẹ́rin, obìnrin ni gbogbo wọn.
Irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n rẹ̀,
ó kó ìwé sínú àpò sìmẹ́ǹtì, ó tọ̀ mí wá.
Nígbà yẹn, ó ń súfèé,
ó lè sín fèrè tírélà jẹ tí awakọ̀ á fi yà lọ́nà.
Lọ́jọ́ kan, irin gbígbóná jó o lọ́rùn ọwọ́.
Awọ bó. Ó gbójú sókè wò mí,
omijé ti dé bèbè ojú, ó ń wá àyè.
Mo ní, "Ṣé obìnrin ni ẹ́ ni? Gbé e mì!"
Ohun tí bàbá mi sọ fún mi ní Ìdọ̀fíàn nìyẹn,
lọ́jọ́ tí wọ́n gbé òkú ìyá mi jáde.
Mo rí omijé yẹn bó ṣe ṣẹ́rí padà.
Láti ọjọ́ náà, mi ò gbọ́ súfèé mọ́.

Bàbá Káfáyà ò wá ní Àlàmísì.
Jímọ̀ọ̀, kò wá. Mo ní bóyá ó ti ríṣẹ́.
Ẹnìkan wá ná táyà tírélà,
mo ní kì í ṣe títà.
Nígbà tó di Sátidé, mo ti àpótí, mo ní kí Sèfíù jẹ́ ká lọ.
Ọ̀rọ̀ tí màá sọ, mò ń kọ́ ọ sórí lójú ọ̀nà bí ọmọ ilé kéú:
Ẹ kú ilé. Èmi náà kì í sùn.
Kò jọ ọ̀rọ̀ ọkùnrin létí mi. Mo tún un bẹ̀rẹ̀.

A ti kọjá mọ́sálásí kí n tó lè bi ọmọ náà pé,
"Ọwọ́ yẹn, ṣé ó ṣì ń dùn ẹ́?"
Kò fèsì.
A rìn, a rìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀pá iná mẹ́rin.
"Ó ń dùn mí, ọ̀gá."
Ilé wọn ṣì jìnnà díẹ̀.